Òkìrìkà Ìlú Ọba: Bí A Ṣe Ń Rà Á, Bí A Ṣe Ń Tà Á

Oṣù Kọkànlá ni mo dé Leeds. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní Yába fẹ́lẹ́ bí ìwé, òtútù sì ń gba inú rẹ̀ wọlé bí ẹni pé mi ò wọ nǹkan kan. Àǹtí tí mo dé sọ́dọ̀ wọn ní ká lọ sí charity shop, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ táwọn èèyàn ti lò. Mo ní, "Àǹtí, mi ò lè wọ aṣọ òkú o." Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó ni ín ti kú? Fíríìjì tòkunbọ̀ ló wà nílé bàbá ẹ, ṣé ẹ bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ lò ó?" Kóòtù onírun àgùntàn tí mo rà ní £12 lọ́jọ́ náà, ọdún mẹ́fà ni mo fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìtìjú kó owó oṣù àkọ́kọ́ lé aṣọ tuntun lórí. Níbí, àtolówó àti tálákà ló ń ra òkìrìkà.

Àwọn àjọ aláàánú bí Oxfam, Barnardo's, British Heart Foundation àti Cancer Research UK ló ni àwọn charity shop. Aráàlú ló ń kó aṣọ wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, èrè orí ọjà sì ń lọ sínú iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe. Nítorí náà, ẹ má nájà níbẹ̀, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ lẹ máa san. Car boot sale ni ibi ìnájà, níbi táwọn èèyàn ti ń tajà nínú bùùtù ọkọ̀ wọn, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tó bá ti ń sún mọ́ ìgbà tí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, owó ọjà á já wálẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó o padà sílé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ sódì. Ẹ gbóòórùn abíyá rẹ̀, ẹ fa síìpù sókè sódò, ẹ wo ọrùn àti etí ọwọ́. Tó bá jẹ́ onírun àgùntàn, ẹ gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ihò wẹ́wẹ́ tó dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, kòkòrò ló jẹ ẹ́. Èyí tó dára pàápàá, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fíríísà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù, kí òtútù lè pa ẹyin kòkòrò tó bá wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà 12 aṣọ obìnrin níbí ni 40 ti ilẹ̀ Yúróòpù àti 8 ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹ má gbára lé nọ́ńbà. Ẹ mú aṣọ yín kan tó bá yín mu, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù.

Ẹ̀yin òbí, ìlànà ìjọba lórí aṣọ iléèwé ní England, tó jáde lẹ́yìn òfin ọdún 2021, sọ pé kí iléèwé rí i dájú pé àwọn òbí lè rí àlòkù yúnífọ́ọ̀mù rà tàbí gbà. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì iléèwé. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹ̀ ń tọrọ.

Ó wá ku èyí tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àmọ́ yàrá ibí kéré, àkísà gan-an sì ń gba àyè. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó mọ́ tí kò sì ya, ẹ gbé e lọ fún charity shop lásìkò tí wọ́n ṣí. Ẹ má gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà wọn lálẹ́. Òjò á bà á jẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè kà á sí dída ìdọ̀tí síta, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé yín. Èyí tó ya, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba àkísà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà á fáwọn tó ń ra àkísà ní kílò.

Wọ́n á bi yín nípa Gift Aid. Tẹ́ ẹ bá ń san owó orí níbí, ẹ fọwọ́ sí i: lórí £1 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí lórí ẹrù yín, ìjọba á fún wọn ní 25p sí i. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í san owó orí ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba, lè ní kó san owó náà padà.

Aṣọ tó ṣì lágbára tó sì lórúkọ lẹ lè tà lórí Vinted, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń ta aṣọ àlòkù fúnra wọn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà ló ń san owó ìfìránṣẹ́ àti owó ààbò. Ẹ ya fọ́tò níwájú fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ ya àmì ọrùn, kẹ́ ẹ sì ya àbùkù ara rẹ̀ kó hàn kedere. Ọjọ́ méjì ni ẹni tó rà á ní láti ṣàròyé lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, owó yín ò sì ní jáde àfi tó bá sọ pé ó dára tàbí tí ọjọ́ méjì náà bá pé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní nọ́ńbà fóònù tàbí í-meèlì kẹ́ ẹ lè parí ọ̀rọ̀ níta, gbájúẹ̀ ni, ẹ pa á tì. Báàgì "Gucci" tẹ́ ẹ rà ní Balógun, ẹ má gbé e síbẹ̀. Títa ayédèrú lòdì sófin nílùú yìí.

Ibi tó ń já àwọn èèyàn láyà ni owó orí. Títa aṣọ ara yín ní iye tó kéré sí iye tẹ́ ẹ rà á kò mú owó orí wá. Ohun tó yí padà láti January 2024 ni pé irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń fi orúkọ ẹni tó bá tajà púpọ̀ ránṣẹ́ sí HMRC. Ìròyìn lásán nìyẹn, kì í ṣe ìwé owó orí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra aṣọ torí àtitún un tà, òwò ti dé nìyẹn. Tí owó tó wọlé bá ju £1,000 lọ láàárín 6 April sí 5 April ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn gbogbo owó tẹ́ ẹ tà, kì í ṣe èrè nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC. Ẹni tó bá ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbọ́dọ̀ dá òwò ara rẹ̀ ṣe rárá. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ £5 ba físà yín jẹ́.

Aṣọ ẹbí wá ńkọ́? Òun ló ń gba àyè jù nílé wa, òyìnbó ò sì ní rà á. Léèsì tó dára máa ń yá lọ́wọ́ àwọn tó ń múra òde. Ẹ gbé e sórí WhatsApp ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Kìkì pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ni òde náà wà níbẹ̀. Mo rí i tí ọ̀rẹ́ méjì dẹ́kun àtimáa kí ara wọn nítorí aṣọ ìsìnkú bàbá ọ̀kan nínú wọn. Àǹkárá tí kò bá tà, ẹ fún télọ̀ kó fi rán kọ́tìnnì tàbí aṣọ ọmọdé. Aṣọ òkè ìyá yín, ẹ má tà á. Ẹ fi aṣọ òwú funfun wé e, kẹ́ ẹ máa ṣí i sí atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí oòrùn ò ti ní pa á.