Gáìdì Bandsaw Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Fi Ṣe É àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Bí bandsaw àtijọ́, ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ rí bíi bẹ́líìtì tó ń yí lórí wíìlì méjì, bá ń gé igi ní wọ́gọwọ̀gọ, tí bíléèdì rẹ̀ ń tètè kú, tàbí tó ń han gooro nígbà tí kò tilẹ̀ tíì kan igi, bíléèdì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọn á ra tuntun, kò sì ní pẹ́ tí tuntun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Gáìdì ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Àwọn ègé kékeré mẹ́rin ni, tó há bíléèdì mọ́ àárín: méjì lókè tábìlì, méjì lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bíléèdì, bẹ́árìn kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, tí kì í jẹ́ kí igi tì í sẹ́yìn kúrò lórí wíìlì. Irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe gáìdì ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀pọ̀ tí mo sì ń rí, igun wọn ti jẹ, bíléèdì ti wa kòtò sí wọn lójú.

Àwọn ènìyàn máa ń jiyàn gan-an lórí ohun tó dára jù láti fi rọ́pò irin yẹn. Wọ́n á náwó sí i, wọ́n á sì wá fi ìkánjú tò ó. Gáìdì igi lásán tí a tò dáadáa sàn ju olówó gọbọi tó ń ti bíléèdì sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Nítorí náà, n óò sọ ti ohun èlò, ṣùgbọ́n títò ni n óò fẹ̀ lójú jù.

Kí la fẹ́ fi ṣe é?

Bíléèdì tí ẹ ń lò jù ni kó pinnu. Bó bá fẹ̀ tó ìlàjì íńṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé pákó gbọọrọ lẹ fi ń là, ẹ má wulẹ̀ ju irin nù. Ẹ yún ojú rẹ̀ kó tún tẹ́jú, kó tún ní igun, á ṣì ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àléébù irin ni pé kì í forí jini. Bí irin bá ń ra irin, méjèèjì á gbóná. Bí eyín bíléèdì bá sì kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ńṣe ni wọ́n tẹ eyín ayùn, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí ojú ibi tó ń gé lè fẹ̀ ju ara bíléèdì lọ. Bí gáìdì irin bá ti na eyín ẹ̀gbẹ́ kan padà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni bíléèdì yóò máa fà sí títí tí ẹ ó fi yọ ọ́ dànù. Idẹ rọ̀ ju irin lọ, ó sì ṣàánú eyín díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de méjèèjì: wọn kò gbọ́dọ̀ kan eyín.

Fún bíléèdì íńṣì 1/4 sísàlẹ̀, ẹ yọ irin kúrò. Bíléèdì íńṣì 1/8 kò ju bíi mìlímítà 3 lọ láti orí eyín dé ẹ̀yìn. Ibi tí irin yóò ti dì í mú láìkan eyín kò tó nǹkan rárá.

Igi ni èmi máa ń lò níbẹ̀. Igi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù fún iṣẹ́ yìí ni lignum vitae. Ó wúwo débi pé ó ń rì sínú omi, ó ní òróró nínú ara rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ibi tí ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ ojú omi síwájú ti ń jókòó láyé ìgbà kan. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títà ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n, ń ṣọ́ títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ má torí ègé mẹ́rin tó kéré tó ìka wá ìtì rẹ̀ kiri. Òòlù onígi àtijọ́ tó ti fọ́ lè fún yín ní gáìdì tí ẹ kò ní lò tán. Bí ẹ kò bá rí i, igi líle èyíkéyìí tó wúwo, tí ọ̀nà ara rẹ̀ há mọ́ra, tó sì ti gbẹ dáadáa, á ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò gbà ni kí ẹ gé e ní ìbú. Ọ̀nà ara igi gbọ́dọ̀ gùn láti orí gáìdì dé ìdí, kí ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí a ti gé igi náà ló kọjú sí bíléèdì, nítorí ibẹ̀ ni kì í tètè jẹ. Ẹ wá rì í sínú ìda tó ti yọ́, kó sùn síbẹ̀ tí ìda náà fi tutù. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ gbé agolo ìda sí, ẹ má gbé e lé iná tààrà. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì ẹ̀rọ ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń bá bíléèdì lọ sára igi tí ẹ ń gé, lẹ́yìn náà gúlúù àti fánísì kì í fẹ́ mú níbẹ̀. Ìda ni kí ẹ lò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń pààrọ̀ bíléèdì ní gbogbo ìgbà ni phenolic: aṣọ tàbí bébà tí wọ́n tò léra wọn pẹ̀lú oje líle, tí wọ́n sì fi ooru tẹ̀ pọ̀. Kì í yọ́. Èyí tí wọ́n po mọ́ graphite, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù, máa ń yọ̀ lára bíléèdì, ó sì ń dín ooru kù. Ayùn irin ọlọ́wọ́ lásán ń gé e, ṣùgbọ́n ẹ bo imú, eruku rẹ̀ kò dára fún àyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gé pátákó dúdú tí ẹ yọ láti inú àpótí iná àtijọ́ nítorí pé ó jọ phenolic. Àwọn kan lára irú pátákó bẹ́ẹ̀ ní asbestos nínú, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí gáìdì tó níye lórí tó ẹ̀dọ̀fóró ẹni.

Ní ti ike, pátákó ìgéran ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ ń sá sí nítorí pé kò wọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ fún iṣẹ́ fẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n polyethylene ni, ooru tí kò tó ìwọ̀n 140 lórí Celsius sì ti tó láti yọ́ ọ. Nylon ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú, àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ á sì dí nígbà ọ̀rinrin. Acetal, ike líle mìíràn, sàn ju àwọn méjèèjì lọ. Teflon, ike tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, ó ń sá lábẹ́ sikirúù, bó bá sì gbóná kọjá ààlà, èéfín rẹ̀ léwu. Mi ò kí ń fi sí ẹ̀rọ mi. Seramiki le gan-an, kì í jẹ bọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ kò lè gé e nílé, bó bá sì jábọ́, igun rẹ̀ á bó.

Gígé wọn

Ihò tí gáìdì ń wọ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ má wọn gáìdì àtijọ́, torí ó lè ti jẹ. Ẹ gé e kó tóbi díẹ̀, kí ẹ wá fi sáńpépà tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì yún un títí á fi wọlé láìmì. Ojú tó máa kan bíléèdì gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó má sì dagun sí ẹ̀gbẹ́ kankan nínú ẹ̀gbẹ́ gáìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi ègé igi tó gún régé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yún un.

Kí ẹ tó fi wọ́n sí i, ẹ wo ẹnu sikirúù tó ń dì wọ́n mú. Bí ẹnu rẹ̀ bá mú, á wa kòtò sára igi tàbí ike, nígbàkigbà tí ẹ bá sì tún un tò, ó máa fa gáìdì padà sínú kòtò àtijọ́ yẹn. Ẹ fi fáìlì yún ẹnu rẹ̀ kó má mú mọ́, kí ẹ sì ki pẹlẹbẹ idẹ fẹ́lẹ́ kan sáàárín òun àti gáìdì. Ègé agolo náà á ṣe é.

Títò: ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ẹ yọ okùn iná ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Bọ́tìnnì nìkan kò tó, ọwọ́ yín máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín.

Ẹ fa gbogbo gáìdì àti bẹ́árìn méjèèjì sẹ́yìn, kí ohunkóhun má ṣe kan bíléèdì. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ na bíléèdì le bó ṣe yẹ, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì, kí ẹ sì tún ìdúró wíìlì ṣe títí bíléèdì á fi jókòó síbi kan náà lórí wíìlì láìrìn síwá-sẹ́yìn. Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Àwọn kan máa ń fi gáìdì mú bíléèdì tó ń rìn kó lè dúró. Kò ní dúró. Ńṣe ni yóò máa jà pẹ̀lú gáìdì, tí gáìdì á máa jẹ, tí bíléèdì á máa gbóná. Gáìdì kì í ṣe ìdákọ̀ró bíléèdì. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí igi bá ń tì í.

Bí ẹ ti ń fi ọwọ́ yí i, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti jó bíléèdì pọ̀. Bó bá nípọn ju ibi yòókù lọ, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ gongo, ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ yún un kó dọ́gba. Ẹni tó bá fo èyí á tò ó títí, bíléèdì á sì máa kan gáìdì kọ́, kọ́, kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ojú jíjó náà bá kọjá.

Ẹ wá gbé ègé igi tó gún régé, tó dúró ṣánṣán lórí tábìlì, kí ẹ sún un kan ẹ̀gbẹ́ bíléèdì wẹ́rẹ́, láàárín eyín méjì, kí eyín má bàa tì í. Ẹ fi pákó kékeré tàbí kílánpù dì í síbẹ̀. Ẹlẹ́rìí yín nìyẹn. Bí àlàfo bá yọ láàárín òun àti bíléèdì nígbà tí ẹ bá ń tò ó, gáìdì ti ti bíléèdì nìyẹn.

Bẹ́árìn ẹ̀yìn ló kàn. Ẹ ká bébà ìkọ̀wé lásán sí mẹ́rin, ẹ fi sáàárín bẹ́árìn àti ẹ̀yìn bíléèdì, ẹ sún bẹ́árìn kàn án, ẹ de sikirúù, ẹ fa bébà yọ. Àlàfo tó ṣẹ́ kù máa tó bíi ìwọ̀n 0.4 mìlímítà. Bí bẹ́árìn bá ń yí nígbà tí igi kò kan bíléèdì, ó ti súnmọ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún àwọn gáìdì síwájú tàbí sẹ́yìn. Iwájú wọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìdí eyín, nǹkan bíi ìwọ̀n 0.8 mìlímítà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ ju àlàfo bẹ́árìn lọ ni pé igi máa ti bíléèdì sẹ́yìn kó tó kan bẹ́árìn, eyín kò sì gbọ́dọ̀ wọ àárín gáìdì nígbà náà. Ẹ fi ìka ti bíléèdì sẹ́yìn kí ẹ fi ojú yín rí i.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo ń rí tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ti gáìdì òsì kàn án, wọ́n á dè é, wọ́n á wá ti ti ọ̀tún wá bá a. Nígbà tí wọ́n bá de ti òsì, sikirúù ti yí i síwájú díẹ̀, ó ti tẹ bíléèdì láìjẹ́ pé wọ́n rí i, ti ọ̀tún á sì wá há a mọ́ ibi tí kò yẹ. Tí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, bíléèdì á dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, kò sì ní gé gbọọrọ mọ́ láé. Ẹ fi bébà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bíléèdì, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún gáìdì méjèèjì wọlé pa pọ̀, ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń de sikirúù díẹ̀díẹ̀, ti òsì díẹ̀, ti ọ̀tún díẹ̀. Ẹ wo ẹlẹ́rìí yín. Bí bíléèdì bá ti kúrò lára rẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Ẹ má sọ pé kékeré ni.

Fún irin, idẹ àti seramiki, àlàfo bébà yẹn pọn dandan. Fún igi àti phenolic oní-graphite, ẹ yọ bébà, kí wọ́n kan bíléèdì fẹ́rẹ́ láìtì í. Fún bíléèdì íńṣì 1/8 tàbí èyí tó tún tín-ín-rín jù ú lọ, ẹ jẹ́ kí gáìdì igi bo eyín pàápàá. Á wa ọ̀nà ti ara rẹ̀ sí igi náà, eyín kò sì ní bàjẹ́.

Ẹ ṣe ìsàlẹ̀ bákan náà. Ọ̀pọ̀ ń fò ó nítorí pé ó ṣókùnkùn níbẹ̀, eruku igi sì bò ó. Ẹ gbá eruku yẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó sílẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó gé igi

Lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, òpó tó gbé gáìdì òkè kì í sábà rìn ṣánṣán mọ́. Ẹ tò ó ní gíga tí ẹ ń lò jù, kí ẹ sì tún bébà yẹn wò nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e sókè tàbí sílẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ń gé igi, kí gáìdì òkè má ga ju bíi mìlímítà 6 lọ lórí igi náà.

Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì dé ibi tí ojú jíjó bíléèdì ti kọjá lókè àti nísàlẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó kàn, ẹ yọ ẹlẹ́rìí yín, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ẹ tan án, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gé igi tí kò wúlò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ wá fọwọ́ kan gáìdì. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bó bá jó yín lọ́wọ́, ó há jù. Igi àti phenolic máa jẹ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ kí wọ́n tó bá bíléèdì mu, nítorí náà ẹ tún wọn sún mọ́ ọn lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ojú wọn bá ti wá ní kòtò, ẹ yọ wọ́n, ẹ yún wọn lórí sáńpépà, tàbí kí ẹ yí ìdí wọn síwájú. Kí ẹ tó yọ bíléèdì láti fi òmíràn sí i, ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo gáìdì sẹ́yìn, kí tuntun má bàa bá àyè ti àtijọ́ níbẹ̀.