Bí a ṣe ń dín ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kù ní Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgbìmọ̀ kankan ní Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, ẹ wá ìwé tó dá a sílẹ̀. Èyí tí gómìnà fi lẹ́tà gbé kalẹ̀, lẹ́tà mìíràn láti ọwọ́ gómìnà ló máa tú u ká. Èyí tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ Ilé Aṣòfin. Àjọ mẹ́ta tí abala 197 ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ, irú bí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ti àwọn olùdámọ̀ràn pàtàkì rọrùn jù: gẹ́gẹ́ bí abala 196, Ilé Aṣòfin ló ń pinnu iye wọn àti owó wọn, gómìnà sì lè yọ wọ́n nígbà tó bá wù ú.

Ẹ má wo owó oṣù nìkan. Ẹ kọ owó ìjókòó, epo ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ilé sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ bá kàn gbé lọ sí ọ́fíìsì mìíràn kò dín owó kankan kù. Ẹni tí ẹ bá ní kó máa lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣírò àjẹmọ́nú rẹ̀. Ó lè ju owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Lóṣù kan náà, ẹ gba ọkọ̀ padà, kí ẹ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé owó oṣù. Bí ìlà ìgbìmọ̀ náà bá ṣì wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó á ṣì máa jáde.