Gbígbin Orógbó sí Àyíká Ilé àti Etí Oko ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Orógbó jẹ́ igi tí kì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni ewé rẹ̀ ń tutù, òjìji rẹ̀ sì ṣú dáadáa. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, kì í béèrè oògùn kòkòrò tàbí ajílẹ̀ púpọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Hóró tó ti gbẹ lórí àtẹ lọ́jà kì í sábà hù mọ́. Nítorí náà, inú èso tó gbó, tó já bọ́ fúnra rẹ̀ láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ni kí ẹ ti mú irúgbìn. Ẹ jẹ́ kí ara èso náà rà, kí ẹ fọ hóró rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá rọra fi èékánná bó èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó wé mọ́ ọn láì ha ara hóró náà, lẹ́yìn èyí kí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ 3, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Hóró tí a kò bó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kó tó hù. Àwọn mìíràn a sì ti wú u dànù, wọ́n á ní ó ti kú.

Inú náílọ́nù tó jìn, tí a rọ ilẹ̀dú sí, ni kí ẹ gbin hóró náà sí lábẹ́ ibòji, torí pé gbòǹgbò àárín rẹ̀ máa ń yára gùn ju bí ewé rẹ̀ ṣe ń yọ lọ. Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ òkété.

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni kí ẹ kó o lọ sílẹ̀. Ẹ fi nǹkan bíi mítà 8 sílẹ̀ láàrin igi kan sí èkejì, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri ilé àti wáyà iná. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ ní ibi púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi irin gún ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbẹ́ ihò. Ní apá Ìṣẹ̀ àti Emùré, abẹ́ kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún un nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá Òmùò àti Ọ̀tùn, tí ọ̀dàn pọ̀ sí, iná ọ̀yẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ tó ga jù, nítorí náà ẹ ro ìdí rẹ̀ yíká kí òjò tó dá, ìgbà tí kò bá sí ewu iná nìkan ni kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí náà, láì jẹ́ kó kan igi lára.

Lọ́pọ̀ ìgbà, akọ àti abo rẹ̀ máa ń dá wà, a kò sì lè fojú dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó yọ òdòdó. Ẹ má ṣe gbin ẹyọ kan ṣoṣo. Ó lè gbà tó ọdún 7 sí 15 kó tó so. Ẹni tó ń kánjú owó ọdún yìí, ẹ̀gẹ́ ni kó lọ gbìn.

Ẹ̀ka tó bá gbẹ nìkan ni kí ẹ máa gé. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń wá pákò àti egbòogi bó èèpo ìdí rẹ̀ yíká, nítorí igi tí a bá bó bẹ́ẹ̀ yóò kú.