Kóònù kọ́, bẹ́rìn kọ́: bí mo ṣe rí ohun tó ń gbọn táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí mo ná sórí táyà iwájú kẹ̀kẹ́ márúwá mi lé ní ₦30,000, ohun tó sì ń ṣe é gan-an kò ju nọ́ọ̀tì kan lọ. Nọ́ọ̀tì o! Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ, kí owó ẹlòmíì má baà bá tèmi rìn.

Kabba sí Ìyàrà ni mo ń ná, nígbà míì mo máa ń dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé tí èrò bá pé. Táyà iwájú jò mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, fọkanáísà kan létí ọ̀nà bá mi lẹ̀ ẹ́, ó ń yára torí òjò ti ṣú, mo sanwó mo gbéra. Kí n tó wọ Kabba ni hándù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tí mo bá ń rọra lọ, kò sí nǹkan kan, àmọ́ tí eré bá ti ga díẹ̀, bíi 35 sí 40 lórí máìlì (aago tó ń ka eré), gìrìgìrìgìrì títí dé èjìká mi, ìyá kan tó gbé agbọ̀n iṣu sẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ní "Ọmọ mi, rọra o, ilé ni mò ń lọ o, mi ò tíì fẹ́ lọ sọ́run."

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá, kò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Okun o, ọ̀gá mi. Ó ń gbọ̀n níwájú? Kóònù ni." Mo ní ṣé kò ní wò ó ná, ó ní iṣẹ́ tóun ti ń ṣe látọjọ́ yìí, kí lòun tún fẹ́ máa wò. Ó tú hándù, ó ki kóònù tuntun (irin tí hándù ń yí lórí ẹ̀) bọ̀ ọ́, ó fi gíríìsì sí i, mo sanwó. Mi ò tíì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà, ó ní á jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kù ni. Mo ní rárá o, ọ̀gá, a ò ní máa fi owó mi ta tẹ́tẹ́.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ bàbá kan lọ lọ́nà Òkènè, bàbá yìí ò tiẹ̀ burú, ó di táyà mú, ó mì í, ó ní bẹ́rìn, ìyẹn irin tí táyà ń yí lórí ẹ̀, ti ń lọ. Ó ní kí n má ra èyí tí wọ́n ń tà nítòsí torí ayédèrú ló pọ̀ níbẹ̀, ká ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja. A ránṣẹ́, bẹ́rìn dé, a pààrọ̀ ẹ̀, owó tún lọ. Gbígbọ̀n ò kúrò. Bàbá ní bóyá ojú ọ̀nà ni.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ni mo sọ fún pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táyà yẹn ni, pé látìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní lílẹ̀ táyà kì í gbọn kẹ̀kẹ́. Nǹkan tó ń ṣe dáadáa láàárọ̀, tí ẹnì kan fọwọ́ kàn, tó wá bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ẹ ò ní kọ́kọ́ wo ibi tí onítọ̀hún fọwọ́ kàn ni? Kóònù kì í ṣàdédé jẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi fúnra mi ni màá wò ó. Mo jí ní kùtù, mo gbé e lọ sójú ọ̀nà Ọ̀bàjànà, èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kìlómítà 43 ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ apá ọ̀dọ̀ wa níbí nìkan ni mo lò, ta ló fẹ́ máa bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà. Ìdí tí mo fi lọ síbẹ̀ ni pé ibẹ̀ tẹ́jú, tí nǹkan bá gbọ̀n níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kòtò ni. Mo sáré dé ibi tó ti ń gbọ̀n, mo yọ jíà kúrò, mo jẹ́ kó máa yí lọ fúnra ẹ̀, ó ṣì ń gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn. Mo rọra tẹ bíréèkì, kò le sí i. Bíréèkì kọ́ nìyẹn, torí tó bá jẹ́ pé dúróòmù bíréèkì ló wọ́, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì ló máa fi hàn. Eré ló ń tẹ̀ lé, tó bá jẹ́ pé eré ló ń tẹ̀ lé, ohun tó ń yí ló ni í, ìyẹn táyà àbí rímù.

Mo délé, mo gbé iwájú ẹ̀ sókè (ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, ẹ sáà fi òkúta há táyà ẹ̀yìn kó má baà yí). Mo di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, mo mì ín, kò dún kò, kò mì. Mo rọra yí hándù lọ sọ́tùn-ún sósì, kò há níbì kankan. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, owó mi ló wà níbẹ̀! Mo wá so igi tín-ín-rín kan mọ́ apá tó gbé táyà dúró, mo sún ẹnu ẹ̀ mọ́ etí rímù débi pé ó kù díẹ̀ kó kàn án, mo wá fi ọwọ́ yí táyà. Ibì kan ń sún mọ́ igi, ibi tó dojú kọ ọ́ ń jìnnà sí i. Tó bá jẹ́ pé etí rímù dúró jẹ́ẹ́ tí táyà nìkan ń ṣe ségesège, táyà ló wú tàbí tí kò jókòó dáadáa. Tèmi, rímù fúnra ẹ̀ ni. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde.

Rímù kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé abala méjì ni, wọ́n pa á pọ̀, nọ́ọ̀tì ló dì í mú yíká. Mo wo ẹnu ibi tí abala méjèèjì ti pàdé, mo yọ náírà bébà kan lápò, ó wọlé rọra níbì kan. Ibòmíì, kò wọ̀. Fọkanáísà tó ń sá fún òjò fi ipá wé nọ́ọ̀tì ibẹ̀ wọ tíréèdì (ojú ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀ lára bóòtù) ní ẹ̀gbẹ́, nọ́ọ̀tì le lọ́wọ́ ẹ̀, ó rò pé ó ti dé ìdí, kò sì dé ìdí. Ìpáàrà tún wà láàárín abala méjèèjì.

Ẹ ò bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó pa abala rímù pọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀, abala kan lè fò já, ojú èèyàn ló máa bá). Gbogbo nọ́ọ̀tì yòókù tú. Èyí tó wọ̀ lódì yẹn kọ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Spánà jẹ orí ẹ̀ títí tó fi di róbótó. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi sílẹ̀ sùn, ilẹ̀ mọ́, bákan náà. Mo fi ṣísẹ̀lì àti òòlù gbá a, àtàǹpàkò mi ni mo gbá, mo ṣépè fún fọkanáísà, mo ṣépè fún òjò.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Iná ò sí. Mo jókòó tì í, iná ò dé. Ó ní tí n bá lè ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun á tan án nítorí mi, mo ra epo, jẹnẹrétọ̀ ò dún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, èmi sì rèé, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ jẹnẹrétọ̀, mo ń bá wọn di wáyà mú. Ọ̀sán pọ́n. Àwọn tá a jọ ń ná Ìyàrà ń kọjá pẹ̀lú èrò wọn, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Nígbà tó dún tán, wẹ́dà gé nọ́ọ̀tì náà, àmọ́ bóòtù tó wà lára rímù bá a lọ. Ó ní òun á fi òmíràn jó o mọ́ ọn. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí iná máa ń wọ́ rímù, a ò sì ní fi ọwọ́ ara wa dá wàhálà kan náà sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ ló ní òun mọ ẹnì kan tó ń tú kẹ̀kẹ́ tó ti kú tà. Ibẹ̀ ni mo ti rí abala rímù tòkunbọ̀, a ná an títí, kí n tó sanwó mo gbé e lé orí gíláàsì wíńdò tó wà níbẹ̀ láti wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú. Ọkùnrin náà ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gbé e níyàwó.

Títò ó padà ò le. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà kúrò níbi tí abala méjèèjì ti ń fẹnu kora, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí túùbù kó má baà há sáàárín, mo fi ọwọ́ lásán wé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wọlé kí spánà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, mo wá ń dì í ní ìdojúkojú, mi ò dì í tẹ̀ léra. Mo tún yí i lẹ́bàá igi yẹn kí n tó fún un ní afẹ́fẹ́ tán. Kò sún, kò jìnnà.

Lójú kọnkéré lọ́jọ́ kejì, mo dé 45, mo yọ ọwọ́ kan lórí hándù. Hándù ò mira. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún fi spánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, ọ̀kan gba díẹ̀ sí i, ìyẹn ò jọ mí lójú, irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kora máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì kóònù rí mi ní gáréèjì, ó ní ṣé mo wá rí i báyìí pé kóònù ni. Mi ò dá a lóhùn. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti ń dún díẹ̀ báyìí, ó sì ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé bẹ́rìn ni. Mo ti gbé e sókè lálẹ́ àná, bẹ́rìn kọ́, súù bíréèkì ló ń ha dúróòmù.