Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń tún ilé tí omíyalé bà jẹ́ ṣe ní Àkúrẹ́

Omi kì í pẹ́ nílé ní Àkúrẹ́. Òjò ọ̀sán kan lè mú kí Odò Àlà kún títí yóò fi ya wọ ilé onílé, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, omi á ti fà, á sì fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú pálọ̀. Ìgbà yẹn ni ìrànlọ́wọ́ máa ń dé: àwọn ará àdúgbò, ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn tàwọn ti ṣọ́bìrì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìkánjú ń bà jẹ́ lẹ́yìn tí omi bá lọ pọ̀, ẹni tí omi ti jẹ lówó lẹ́ẹ̀kan ló sì tún ń san gbèsè rẹ̀.

Nígbà omíyalé ọdún 2012, àti ti 2022 tó gba ẹ̀mí tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, gbogbo ayé ló gbọ́, ìjọba àti NEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, sì dìde. Ti Àkúrẹ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Òjò ìrọ̀lẹ́ kan tó wọ ilé mẹ́wàá ní Ìsìnkàn tàbí Ìjọ̀kà kò ní dé inú ìròyìn Abùjá. Àwa aládùúgbò ni yóò tún un ṣe, nítorí náà àwa ló yẹ ká mọ ohun tí kò yẹ ká ṣe.

Wíwọlé kí ẹnikẹ́ni tó wo ògiri

Ilé alámọ̀ ṣì wà ní àwọn àdúgbò àtijọ́, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè dúró nígbà tí omi wà nílé, kó wá wó lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí oòrùn ti ń ràn. Nígbà tí omi wà, ti inú ń ti ògiri, ti ìta náà ń tì í. Tí omi bá lọ, ìdí ògiri tó ti rọ̀ nìkan ló kù tó gbé òrùlé.

Ẹ má jẹ́ kí èrò rọ́ wọlé. Kí bíríkìlà tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ yí ilé náà ká, kó wo igun fèrèsé bóyá ó ti là, kó wo bóyá ògiri yọ ikùn níbì kan, kó ti ilẹ̀kùn wò. Ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ tí kò tì mọ́, ògiri ló ti yẹ̀. Tí àmì kan bá wà, ẹ fi pákó ti òrùlé kí ẹ tó kó ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn síbẹ̀.

Iná náà ńkọ́? Wọ́n lè mú un dé lójijì nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ dúró sínú omi. Ibi mítà ni kí ẹ ti pa á, tó bá sì jẹ́ pé inú omi lẹ máa gbà kọjá kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníná. Fìríìjì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi wọ̀, sísá wọn sóòrùn nìkan kò tó, kí oníṣẹ́ tú u wò. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fẹ́ fi fa omi, ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kò sì tó láti lé e lọ.

Rírẹ́ ògiri tí kò tíì gbẹ

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí inú rere gan-an ló ń fà á. Ẹnì kan ti fi àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá ta ìyá kan lọ́rẹ, ẹlòmíràn ti gbé ọ̀dà wá, bíríkìlà ti yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan, gbogbo wa sì fẹ́ kí ìyá náà padà sínú yàrá rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, ojú á gún régé. Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀dà á ti wú bí àkàrà inú epo, sìmẹ́ǹtì tuntun á máa jábọ́, ògiri á sì máa bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọdé tó ní ikọ́ fée àti àgbàlagbà tó ń sùn níbẹ̀ ni bíbu yẹn máa ń kọ́kọ́ dà láàmú.

Búlọ́ọ̀kù máa ń mu omi, ojú ògiri nìkan sì ni omi náà lè gbà jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà tó ń dán dí i, inú ni yóò wà. Ohun tó yẹ ni kí ẹ wo ibi tí àpá omi dé lára ògiri, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un, kí ẹ sì họ gbogbo sìmẹ́ǹtì tó ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án: èyí tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo ti ṣí. Ẹ sún gbogbo ẹrù kúrò lára ògiri, kí ẹ ṣí fèrèsé ọ̀tún àti tòsì kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi pákó tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, tí omi ẹlẹ́gbin bá ti mu wọ́n yó, ẹ kó wọn jáde. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni bíbu máa ń bẹ̀rẹ̀ lára irú nǹkan wọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ la ó fi kà á, kì í ṣe ọjọ́. Tó bá jẹ́ òjò oṣù kẹfà tàbí ìkeje ló ṣe ọṣẹ́ náà, ìsinmi òjò ti oṣù kẹjọ lè bá yín gbẹ ẹ́. Ti oṣù kẹsàn-án máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ẹ fi téèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri lálẹ́, kó má sí ibi tí atẹ́gùn á gbà wọlé. Tí omi bá sẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé sìmẹ́ǹtì yín pamọ́.

Níbo wá ni ìyá yẹn máa sùn? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dáhùn nìyẹn. Ẹ wá yàrá fún un lọ́dọ̀ aládùúgbò kan tí ilé rẹ̀ wà lókè, tàbí kí gbogbo yín dojú kọ yàrá kan ṣoṣo tí omi kò wọ̀ púpọ̀ nínú ilé rẹ̀, kí ó lè gbé níbẹ̀ nígbà tí ìyókù ń gbẹ.

Iyanrìn ọ̀fẹ́

Iyanrìn tí omi wọ́ wá síwájú ilé máa ń wu ènìyàn, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi mọ búlọ́ọ̀kù. Amọ̀ àti ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀, amọ̀ kì í sì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì di iyanrìn mú. Ẹ bu díẹ̀ sínú ike, ẹ da omi sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá rí ẹrẹ̀ rírọ̀ tó nípọn lórí iyanrìn nínú ike náà, kò ṣeé fi rẹ́lé, áńbọ̀sì mọ búlọ́ọ̀kù.

Ẹrẹ̀ tí ẹ kó jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti rẹ̀ máa ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé gọ́tà ló súnmọ́ jù. Ọ̀nà tí omi ìlú ń gbà dé inú Àlà, kó tó lọ dà sínú odò Ògbẹ̀sẹ̀, ni wọ́n ń dí yẹn. Ẹ wá ojú kan tí típà lè dé, ẹ kó o jọ síbẹ̀, kí ẹ dáwó jọ fún típà.

Gbígbé ilẹ̀ tiwa sókè, kí omi lọ sílé ẹlòmíràn

Ẹni tí omi ti wọ ilé rẹ̀ máa ń ra iyanrìn pupa ọkọ̀ bíi mélòó kan, á fi gbé àgbàlá rẹ̀ ga, á sì kọ́ fẹ́ńsì tó le yí i ká. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ ni omi náà yóò lọ, opó tàbí ayálégbé tí kò lówó iyanrìn ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó pe típà, kí ẹgbẹ́ onílé rìn yí àdúgbò ká nígbà tí òjò ń rọ̀, kí wọ́n fojú rí ọ̀nà omi, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ibi tí yóò gbà.

Fẹ́ńsì tí kò ní ihò nísàlẹ̀ léwu gan-an. Omi á ró sẹ́yìn rẹ̀ títí tí yóò fi tì í lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ sì wà nínú ewu. Ẹ fi ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ máa gbá ewé àti náílọ́ọ̀nù kúrò níbẹ̀.

Àwọn ará Àìyétòrò ní Ìlàjẹ, létí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ló ń jẹ ilẹ̀ tiwọn lọ. Ìyẹn kọjá ohun tí ṣọ́bìrì àti ihò fẹ́ńsì lè tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ìmọ̀ràn yìí lọ síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni.

Kíkó ẹrù ẹlẹ́rù dànù

Àwọn olùrànlọ́wọ́ máa ń yára. Bébà tó rin di pàǹtí lójú wọn, ó wọ inú wílíbárò, ó lọ. Rìsíìtì ilẹ̀, sàtífíkéètì WAEC àti fọ́tò ìgbéyàwó ti bá bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ bi onílé: "Ìyá, kí lẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ wá fún yín?" Kó jókòó síbi tó ti lè rí yín, kí ohunkóhun má kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ẹ ya àpá omi lára ògiri àti ẹrù tó bàjẹ́ ní fọ́tò kí ẹ tó fọ ilé, torí wọ́n lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ ìjọba bá dé. Ìwé tó rin, ẹ fi bébà funfun sáàárín ojú ewé rẹ̀, kí ẹ sá a síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Oòrùn gangan á ká a kò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbi ọ̀wẹ̀, ẹni tó pe ènìyàn ló ń ṣe oúnjẹ, àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí gààrí àti ìrẹsì rẹ̀ ti bá omi lọ, tí ìtìjú ń mú lọ yá owó nítorí àtibọ́ ogún ènìyàn, a kò ràn án lọ́wọ́. Kí olùrànlọ́wọ́ gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, kí wọ́n bu fún onílé náà. Tó bá jẹ́ ilé púpọ̀ ni, àáró ló bá a mu jù: ilé yìí lónìí, ilé tọ̀hún lọ́la, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ arúgbó tó ń dá gbé, kì í ṣe látọ̀dọ̀ alága.

Omi kànga, bílíìsì, eku

Omi tó wọ ṣáláńgá ti wọ kànga náà. Ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ abọ́, títí wolé-wolé yóò fi bá yín tọ́jú rẹ̀. Omi mímu, ẹ jẹ́ kó hó yaya, kí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ tó máa jáde á ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa, àìsàn tí eku ń tàn kálẹ̀, ti ń jà jù ní Nàìjíríà, eku tí omi lé jáde á sì wá ibi gbígbẹ wọ̀: ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi omi bílíìsì rin ín, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ìṣó bá gún, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Pípadà lẹ́yìn Sátidé àkọ́kọ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èrò máa ń pọ̀ jù, nígbà tí iṣẹ́ tó wà kò ju kíkó ẹrẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹfà, tí ògiri bá ti gbẹ tí bíríkìlà àti káfíńtà wá wúlò, onílé nìkan ló máa ń kù. Kí ẹ tó túká lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá sílẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà tí wọ́n ta lọ́rẹ pamọ́ sórí pákó níbi gbígbẹ, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí yóò máa lọ wo náílọ́ọ̀nù ara ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò sì pe gbogbo wọn padà lọ́jọ́ tó bá gbẹ.