Bí ẹ ṣe lè to ẹńjìnnì rótárì 13B kó lè gba 9000 rpm láìfọ́

Ẹńjìnnì 13B ti Mazda kò ní fáálù, kò sì ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé kò sí eré tí kò lè sá. Àmọ́ ṣáàfù tó gbé rótọ̀ méjèèjì, ìyẹn àwọn irin onígun mẹ́ta tó ń yí dípò písítìnì, ló ń fi ààlà sí i. Bíárìn kan, irin tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, gbá a mú níwájú, òmíràn gbá a mú lẹ́yìn, kò sì sí nǹkan kan tó dì í mú láàárín.

Ibi tí rótọ̀ jókòó sí lára ṣáàfù fi mìlímítà 15 yẹ̀ kúrò ní àárín gbùngbùn. Ká ní rótọ̀ kan wọn kílò 4. Bí ṣáàfù bá ń yí ní 8000 rpm (ìgbà 8000 láàárín ìṣẹ́jú kan), agbára tí rótọ̀ yẹn fi ń fà á síta tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 4.3. Ní 9000 ó di 5.4, ní 10,000 ó di 6.7. Rótọ̀ iwájú ń fa ṣáàfù sí apá kan, tẹ̀yìn ń fà á sí òdìkejì, ṣáàfù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bó bá ti wọ́, rótọ̀ á dagun, etí rẹ̀ á máa ha irin ẹ̀gbẹ́ tó pa ilé rótọ̀ dé, eyín gíà inú rótọ̀ á sì máa gba ẹrù ní ìkangun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tú ẹńjìnnì tí wọ́n ti sá ní àsájù, ẹ wo igun rótọ̀ dáadáa: ibi tó ń dán yinrin níbẹ̀ ni àmì àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. 13B inú RX-7, mọ́tò eré Mazda, tí wọn ò tíì gbẹ́ ihò rẹ̀ gbòòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ mú agbára kún un mọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí 7000. Ẹni tó bá ń sá irú rẹ̀ dé 9000, bíárìn ló ń jẹ lásán.

Bí ihò bá ti tó, ara rótọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń to ẹńjìnnì ìdíje máa ń gé irin díẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rótọ̀, ní etí tó wà lóde síìlì ẹ̀gbẹ́ (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí àlàfo kí afẹ́fẹ́ má baà jò), pàápàá nítòsí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí rótọ̀ lè dagun díẹ̀ láìkan irin. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fi gé e, ẹ má fi fáìlì ọwọ́ ṣe é. Tí igẹ́ náà bá wọ ojú ibi tí síìlì jókòó sí, rótọ̀ yẹn ti bàjẹ́. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín rótọ̀ àti irin ẹ̀gbẹ́ jẹ́ mìlímítà 0.12 sí 0.21. Fún eré gíga, apá òkè àlàfo yẹn, nítòsí 0.21, ni kí ẹ fojú sí.

Ó wá kan gíà adúró, èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin iwájú àti irin ẹ̀yìn. Eyín 34 ló ní, ti inú rótọ̀ sì ní 51. Bó bá sán, rótọ̀ pàdánù ibi tó yẹ kó wà, ẹńjìnnì parí nìyẹn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi iná mú le fún ìdíje. Inú rẹ̀ ni bíárìn ṣáàfù wà, kí ẹ sì yan bíárìn tó ní ojú ọ́ìlì púpọ̀, tí síkúrúù dì mú kó má lè yí nínú ihò rẹ̀. Àlàfo bíárìn wà láàárín mìlímítà 0.04 sí 0.08. Bí a bá ń lọ sí 9000, 0.06 sí 0.08 ló dára, nítorí ṣáàfù tó ń wọ́ nílò àyè, ọ́ìlì náà sì nílò ọ̀nà. Maikirómítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọwọ́ mì í kí ẹ ní ó ti dáa.

Ìwé iṣẹ́ Mazda gba kí ṣáàfù wọ́ dé mìlímítà 0.12. Fún iṣẹ́ yìí, iye yẹn ti pọ̀ jù, kí ẹ wá ṣáàfù tó tọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.04 sí 0.07, wáṣà tó nípọn tàbí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ẹ kó rótọ̀ méjèèjì, ṣáàfù, irin ìdọ́gba iwájú àti tẹ̀yìn, pẹ̀lú fíláíwíìlì (àwo irin wúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹńjìnnì), lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń dọ́gba wọn pọ̀. Rótọ̀ ọdún kan pẹ̀lú irin ìdọ́gba ọdún mìíràn kì í bára mu, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀ gan-an. Fíláíwíìlì tí wọ́n fi irin dídà ṣe tó bá mọ́tò wá kò yẹ fún eré yìí rárá. Ó lè bú, àwọn ẹ̀ẹ́kù rẹ̀ á sì gba ilẹ̀ mọ́tò wọlé sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ fi ti irin líle tàbí alumíníọ́mù tó ní ẹ̀rí SFI, àjọ tó ń fọwọ́ sí ohun èlò ààbò ìdíje, sí i.

Ọ́ìlì ń fún bíárìn ní ìyè, òun náà ló sì ń mú inú rótọ̀ tutù. Ẹ gbé agbára ìtì rẹ̀ sókè dé nǹkan bí 100 psi. Rọ́bà róbótó tó wà ní ọ̀nà ọ́ìlì lẹ́yìn ìdérí iwájú máa ń fẹ́ jáde nígbà tí agbára bá pọ̀, kí ẹ fi òrùka líle tì í lẹ́yìn. Ẹ yọ fáálù tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ooru ní iwájú ṣáàfù, kí ẹ fi irin tí kò lè ṣí dí ojú rẹ̀, torí bó bá kú, rótọ̀ kò ní rí ọ́ìlì mu. Nínú agbada ọ́ìlì, ẹ fi irin pẹlẹbẹ dínà kó má baà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí mọ́tò bá ń yà.

Síìlì ṣónṣó (ti igun rótọ̀) tó fẹ̀ ní mìlímítà 2 fúyẹ́ ju ti 3 lọ, ó sì máa ń tẹ̀lé ògiri dáadáa. Ní 9000, eré orí rẹ̀ lè dé mítà 47 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síìlì tó bá ń fò ló ń kọ ilà sára ilé rótọ̀, èyí tí àwọn ẹnjiníà Mazda ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ pè ní àmì èékánná àǹjọ̀nú. Àmọ́ lójú wa, epo tó kéré jù àti iná tó tètè tàn jù ń fọ́ síìlì ju eré lọ. Ní 9000, iná rótọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 6.7, kọ́ìlì tí kò lágbára kò ní bá a.

Bóòtù gígùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ fún un ní ìgbà mẹ́ta, ní ìtẹ̀léra tí ìwé iṣẹ́ sọ, títí dé 32 sí 39 N·m. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn ín ní pẹ̀lẹ́, má kọjá 4000, fún nǹkan bíi kìlómítà 1,600, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ gé fíltà ti àtijọ́ wò bóyá irin wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ìdíwọ́ eré sí 8,800. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ gíà tí ẹ fà sísàlẹ̀ ní àsìkò tí kò yẹ, torí táyà ló ń yí ẹńjìnnì nígbà náà, kì í ṣe epo.