Bí a ṣe ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ DNS

DNS ni ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà IP, ìyẹn àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí bí ọmọṣẹ́ tuntun bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀. Dig ni àṣẹ tí a fi ń bi DNS léèrè. Ẹ ṣí tẹ́mínà, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

dig @8.8.8.8 oauife.edu.ng

Ẹ ti bẹ 8.8.8.8 níṣẹ́ nìyẹn, ìyẹn sáfà Google, kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè DNS. Òun ni yóò rin gbogbo ìrìn náà, nọ́ńbà IP ni yóò gbé wá. Irú ìbéèrè yìí ni a ń pè ní recursive. Níbi flags, àwọn àmì kúkúrú inú èsì tó jáde, "rd" ni ẹ̀bẹ̀ yín, "ra" sì ni sáfà fi ń sọ pé òun máa ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù:

dig +norecurse @a.root-servers.net oauife.edu.ng

+norecurse ń sọ fún sáfà pé kó má rin ìrìn náà fún wa; a.root-servers.net sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn sáfà root, tó wà lókè pátápátá nínú DNS. Ẹ ó rí "ANSWER: 0". Kò sí nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ AUTHORITY nínú èsì náà, orúkọ àwọn sáfà tó ń mójú tó .ng tò síbẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wá ilé kan ní Ẹnuwá tí wọ́n ní kó lọ bi baálé àdúgbò. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ fi rọ́pò a.root-servers.net, kí ẹ tún béèrè. Ẹ máa tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ títí nọ́ńbà yóò fi jáde.

dig +trace máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.